Ìdí Igi Mélòó Ló Wà Nínú Ilé Yẹn? Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé Ní Abẹ́òkúta

Ẹ bá mi rìn láti Sàpọ́n, kí ẹ gba Ìtòkú dé Aké, kí ẹ máa wo ara ògiri. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ O, Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé àwọn onílé ń ṣe yàǹgà ni. Kì í ṣe yàǹgà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan nínú ẹbí náà ló ti fẹ́ tà á láìjẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́, tàbí kó tiẹ̀ ti tà á, tí owó ẹni tó rà á sì ti wọgbó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sanwó ilé nílùú yìí. Ti àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i, ìkejì ni mò ń gbé. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́, pàápàá àwọn tó wà l'Ékòó àti lókè òkun, ti máa ń ní kí n bá àwọn wo ilé kí àwọn tó sanwó. Ohun tí mo ń sọ fún wọn náà ni mo kọ síbí: ẹ wádìí ẹni tó ń tà kí ẹ tó wo ohun tó ń tà. Géètì àti táìsì kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún rí. Ẹni tó ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan ló ń pa ni lẹ́kún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka owó kí ẹ tó ka yàrá

Ẹni tó ní mílíọ̀nù 15 lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa wá ilé mílíọ̀nù 15. Ẹ̀jẹ́ńtì á gba tiẹ̀, lọ́yà á gba tiẹ̀. Ìdá 5 nínú 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń kọ́kọ́ pè, ẹ sì lè ná an wálẹ̀. Owó awọnlẹ̀ ń bọ̀, owó ìwádìí ìwé ń bọ̀, owó àṣẹ gómìnà ń bọ̀, àtúnṣe ṣì wà lẹ́yìn. Ìdá kan nínú márùn-ún ni èmi máa ń yọ sọ́tọ̀ kí n tó sọ iye tí mo ní fún ẹnikẹ́ni. Mílíọ̀nù 15 yẹn, ilé mílíọ̀nù 12 ni.

Òṣìṣẹ́ tó bá ń dá owó National Housing Fund, ìyẹn ìdá 2.5 nínú 100 tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, lè gba ẹ̀yáwó ilé pẹ̀lú èlé tó rọjú. Àmọ́ báńkì kò ní gba rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ lásán ní ìdúró. Ìwé tó múná dóko ni wọ́n ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú ilé wo ni?

Irú ilé mẹ́ta ló wà ní Abẹ́òkúta, kálukú pẹ̀lú ewu tiẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ilé àárín ìlú, irú èyí tó wà ní Aké, Ìtọ́kò àti Ìjẹmọ̀. Agboolé ni púpọ̀ nínú wọn, ilé tí àwọn baba ńlá kọ́, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ní. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan lọ wo ọ̀kan ní Ìtọ́kò. Pálọ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Àga kan ṣáà wà ní kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sún. Bí àwọn ọmọ bá ń kọjá, wọ́n á yípo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ di okùn bàtà, mo ká etí kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Sàréè ni. Símẹ́ńtì dídán, orúkọ bàbá àgbà àti ọdún tó kú lórí rẹ̀. Àwọn baba wa a máa sin àgbàlagbà sínú ilé, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ilé yẹn ti ra àwọn ọmọ òkú mọ́ ọn, nítorí kò sí lọ́yà tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá kí bàbá wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò tiẹ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé kalẹ̀ tán. Èrò tèmi ni pé bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ agboolé náà, kí ẹ fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ìkejì ni ilé àdáni tí ẹnìkan kọ́ sórí ilẹ̀ tó rà lọ́wọ́ ẹbí tó ni ilẹ̀. Irú rẹ̀ ló kún Ọbáńtókò, Ìdí-Àbà, ọ̀nà Kóbápẹ́ àti apá Ọ̀dẹ̀dá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà pọ̀ sí: ó ṣeé ṣe kí ẹbí ti ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn méjì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́lé ti kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ má rẹ́.

Ìkẹta ni ilé orí ilẹ̀ ìjọba, bíi ti GRA Ìbarà àti àwọn ẹ́sítéètì. Ìwé tibẹ̀ máa ń dúró dáadáa. Ẹ ṣáà béèrè rìsíìtì owó ilẹ̀ ọdọọdún, kí ẹ má lọ jogún gbèsè, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ẹni tí ìjọba fún ni ẹni tó ń tà á fún yín.

Látìgbà tí reluwé tuntun Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2021, gbogbo ilé tó wà lápá Laderin ló ti di "ẹ̀gbẹ́ stéṣọ̀n" lẹ́nu ẹ̀jẹ́ńtì. Ẹ ní kó bá yín fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdí igi mélòó?

Ibí ni mo ti jìn sí kòtò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́rin kan ni, ní ìgbèríko kan tí mi ò ní dárúkọ. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú. Dáwódù rẹ̀, ìyẹn àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ló ń tà á, ọkùnrin jẹ́jẹ́, onísùúrù. Ó kó ìwé ilẹ̀ jáde, orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó fi fọ́tò bàbá náà hàn mí lára ògiri. Àbúrò rẹ̀ méjì, ọmọ ìyá rẹ̀, wà níbẹ̀, àwọn náà fọwọ́ sí i. Mo san àsansílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú bíríkìlà lọ wọn fèrèsé. Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ rọ́bà.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àwa la ra ilé yìí."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó bó ẹ̀gúsí kan, ó tún bó òmíràn. Ó wá ní, "Ìdí igi méjì là ń jẹ́ nínú ilé yìí, ọmọ mi. Ìdí igi kan ló bá yín sọ̀rọ̀."

Ìyàwó kejì bàbá náà ni. Ọmọ mẹ́ta ni òun náà bí, ọ̀kan ní Ìlọrin, méjì l'Ékòó, kò sí èyí tó gbọ́ pé wọ́n ń ta ilé bàbá àwọn. Owó mi padà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan ààbọ̀, kò sì pé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ òde òní. Ní àṣà wa, bí Yorùbá kan bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pátá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí wọ́n bá máa pín in, ìdí igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí, ni wọ́n sábà máa ń lò: iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá ni iye ìpín. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣe é ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀. Dáwódù ni olórí ẹbí, ó ń bójú tó ilé náà fún gbogbo wọn, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Bí àwọn yòókù bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ìdí igi yòókù ṣe, àwọn yẹn lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí adájọ́ fagi lé e.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "ilé bàbá wa ni", ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́? Ọmọ mélòó ni ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí? Níbo ni kálukú wọn wà? Ta ni àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan? Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún tí ilé ẹjọ́ gíga ń fún àwọn ọmọ òkú. Bí wọn kò bá ní in, ẹ ní kí wọ́n lọ gbà á wá kí ẹ tó dá sí i. Ẹni tí òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Ẹ má sì dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ata níwájú ilé, ẹ lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ tó wà lódìkejì títì. Ẹ má ní ẹ fẹ́ ra ilé. Ẹ ní ẹ ń wá yàrá. Ẹnu wọn á yọ ohun tí ẹ̀jẹ́ńtì kò ní sọ fún yín láéláé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé

Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tó wà: rìsíìtì ilẹ̀, ìwé àdéhùn títà, ìwé sọ́fè (àwòrán ilẹ̀ náà tí awọnlẹ̀ yà), C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀) bó bá wà, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Lọ́yà tiyín ni kí ẹ gbé e fún. Lọ́yà tí ẹni tó ń tà mú wá, tiẹ̀ ló ń ṣe.

Ìwé sọ́fè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tí kì í ṣe ẹni tó ya èyí tó wà nílẹ̀, gbé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì sọ́fè ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, kó sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí àwòrán ilẹ̀ ìjọba. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, tàbí ẹlòmíràn ti forúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ó tún bá yín dé ilé náà, kó wá àwọn òpó sọ́fè tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti rí ilé tí òpó rẹ̀ kan wà nínú pálọ̀ aládùúgbò.

Ẹ fi tépù wọn ilẹ̀ náà fúnra yín pẹ̀lú. Púlọ́ọ̀tì kan tí àwọn àgbà mọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Bí ìwé sọ́fè bá sọ 465, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ná an ní iye tirẹ̀.

Lọ́yà á wá ṣe ìwádìí ní ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀, á wò ó bóyá ilé náà wà ní ìdúró fún gbèsè báńkì. Á tún wo àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Ẹni tó ra ilé tí ẹjọ́ ń lọ lórí rẹ̀, ẹjọ́ ló rà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ: "C of O rẹ̀ wà lọ́nà." Nígbà ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun, ètò kan wà fún àwọn tó ti kọ́lé láìní ìwé, kí wọ́n lè gbà á ní owó tó rọjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn san díẹ̀, wọn ò parí ẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn náà ni wọ́n ń fi hàn yín. Ẹ gba nọ́ńbà fáìlì, kí lọ́yà lọ wo ibi tó dé. Ìwé tó wà lọ́nà kò tíì di ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé fúnra rẹ̀

Ẹ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: lọ́sàn-án, ní alẹ́, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Alẹ́ ni ẹ ó mọ̀ bóyá iná wà àti irú ariwo tó wà ládùúgbò. Òjò ló ń tú àṣírí yòókù.

Abẹ́ Olúmọ la wà. Àpáta ni ìlú wa, kò sì sí ohun tó ń da ilé láàmú níhìn-ín bí àpáta. Ẹni tó bá fi apá kan ìpìlẹ̀ sórí àpáta, tó fi apá kejì sórí ilẹ̀ lásán, apá ilẹ̀ á máa rì, ti àpáta á dúró. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni ògiri tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti igun fèrèsé lọ sókè bí àkàsọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára pílásítà kò ṣe nǹkan. Èyí tí ẹyọ owó bá lè wọ̀, ẹ pe bíríkìlà tí ẹ fọkàn tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé, ògiri yẹn ni kí ẹ dúró tì.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí sọ́kàwéè. Ojú lè máa tì yín, ẹ ṣáà ní kí wọ́n ṣí i. Níbi tí àpáta bá ti dá agbẹ́lẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi parí, bó bá sì di oṣù kẹfà, gbogbo rẹ̀ á kún. Bákan náà ni kànga. Kànga tó kún lóṣù kẹsàn-án kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ béèrè bó ṣe máa ń rí lóṣù kẹta. Ìtàn kànga ẹ̀rọ nílùú yìí gùn: ilé kan á gbẹ́ ẹ, omi á tú jáde, aládùúgbò á gbẹ́ tiẹ̀, eruku ni wọ́n á bá. Inú ibi tí àpáta ti là ni omi sábà máa ń gbé. Bí kò bá sí omi níbẹ̀ báyìí, ẹ má ra ìrètí.

Fún ilé tó wà ní Láfẹ́nwá àti gbogbo ẹ̀bá odò Ògùn, tàbí létí odò Sókòrì, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Omi tó bá ti wọlé rí máa ń fi ìlà àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní gíga orúnkún, ó sì máa ń là á jáde lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ gbóòórùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, odò Ògùn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gòkè. Ẹ wo òkè pẹ̀lú: wáyà iná ńlá kò gbọdọ̀ kọjá lórí ilé tí ẹ fẹ́ sùn sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ayálégbé

Bí ènìyàn bá wà nínú ilé, ẹ má gba "wọ́n á kó jáde" gbọ́. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ wo rìsíìtì wọn, kí ẹ mọ ìgbà tí owó wọn máa parí. Mo mọ ẹnìkan tó ra ilé, tó wá ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹni tí òun fẹ́ lé jáde fún odidi ọdún méjì.

Ìgbésẹ̀ keje: owó

Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ìwádìí tó parí, kódà kí wọ́n ní ará Amẹ́ríkà kan ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú dọ́là. Ará Amẹ́ríkà yẹn ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ iṣẹ́ yìí.

Àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ́ńtì, kì í ṣe ti "àbúrò mi". Bó bá jẹ́ ti ẹbí, kí gbogbo àgbà ìdí igi wà níjokòó, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí ìwé, kí fọ́tò wọn wà lára rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí tiyín náà fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ẹ ya fọ́tò gbogbo ìjókòó náà sínú fóònù yín. Bí ọmọ tó wà lókè òkun kò bá lè wá, kó fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ lọ́nà òfin. Ohùn WhatsApp kò tó.

Kí ìwé àdéhùn sọ pé ẹbí tó ni ilẹ̀ kò ní bi yín ní owó kankan mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ odi tàbí ṣe dẹ́kìn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti máa ń yọjú. Òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti ọdún 2016 lòdì sí ìjagungbalẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwé tó mọ́ ni ẹ ó fi bá òfin náà rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn owó

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sinmi níbí, wọ́n á ti ìwé bọ inú àpótí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà ilé tó ní C of O kò tíì kúrò lórúkọ ẹni tó tà á títí gómìnà yóò fi buwọ́ lù ú. Kí lọ́yà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an, kó san owó òǹtẹ̀, kó sì forúkọ ìwé sílẹ̀.

Ẹ gba ìwé iná lọ sí ọ́fíìsì IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, kí ẹ mọ gbèsè tó wà lórí mítà, kí ẹni tó tà á san án kó tó kó ẹrù jáde. Ẹ lọ kí àwọn ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ẹ mú obì àti ohun mímu dání.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó kọ́kọ́rọ́ fún yín, kí káfíńtà ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Kó pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́, títí kan ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í lò.